Ẹ̀sùn lórí oògùn ìpáàrà tẹ́ ẹ tà fún mi

Ìdí-Abà, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ 12, oṣù karùn-ún, 2025.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbà kẹrin rèé tí màá kọ̀wé sí yín lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí. Orí WhatsApp ni mo ti kọ mẹ́ta àkọ́kọ́, mo sì mọ̀ pé ẹ kà á torí àmì méjèèjì yẹn ti di búlúù, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó lónìí láti kọ gbogbo ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bá kà á lọ́dọ̀ yín má bàa sọ pé ọ̀rọ̀ mi ò yé òun.

Ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún yìí ni mo sanwó sí àkáǹtì yín. Agolo oògùn ìpáàrà mẹ́ta ni mo rà, èyí tẹ́ ẹ kọ rust converter sí lára, tí wọ́n ń kùn sí irin tó dógùn-ún, lítà kan-kan, ₦14,500 ìkọ̀ọ̀kan, mo wá ra páráìmà, ọ̀dà tí wọ́n ń kọ́kọ́ kùn sísàlẹ̀, onílítà mẹ́rin ní ₦38,000, mo sì san ₦4,500 fún wéébíìlì dé gáréèjì Kútọ̀. ₦86,000 ni gbogbo ẹ̀. Rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi. Oògùn yẹn ò ṣiṣẹ́, kò sì lè ṣiṣẹ́, torí ó ti kọjá àsìkò ẹ̀ tipẹ́ kẹ́ ẹ tó tà á fún mi, lébẹ́ẹ̀lì tuntun ni wọ́n lẹ̀ bo ti àtijọ́. Ẹjọ́ tí mo ní bá yín nìyẹn.

Mọ́tò tí mo fẹ́ tún ṣe kì í ṣe mọ́tò lásán lójú mi. Toyota Land Cruiser ni, 60 series, ti ọdún 1986, bàbá mi ló ni ín. Òun ni wọ́n fi ń lọ oko lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá nígbà tí wọ́n wà láyé, òjò ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, wọ́n á di ẹ̀gẹ́ sẹ́yìn ẹ̀, wọ́n á tún kó àwọn ọmọ tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti iléèwé sí i. Wọ́n ti ṣaláìsí, ọdún márùn-ún pé lóṣù tó kọjá, mo sì ti ṣèlérí fún ìyá mi pé jíìpù yẹn ni màá fi gbé wọn lọ síbi ìrántí náà.

Ẹni tó bá mọ Land Cruiser yẹn mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ẹ̀ kì í dédé kú, bọ́dì ẹ̀ ló máa ń ṣàìsàn. Ẹrẹ̀ pupa oko á há sínú féńdà ẹ̀yìn àti abẹ́ ilẹ̀kùn, ihò tó yẹ kí omi gbà jáde á dí, omi á wá jókòó síbẹ̀, inú ni ìpáàrà ti máa ń jẹ ẹ́ bọ̀ wá síta, tó fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá fi máa rí àpá kékeré lójú ọ̀dà, inú ti di ìyẹ̀fun. Mo tú mágínẹ́ẹ̀tì jáde lára sípíkà rédíò kan tó ti bàjẹ́, mo wé aṣọ mọ́ ọn kó má bàa ha ọ̀dà, mo ń fi tọ ara mọ́tò náà kiri. Ibi tó bá ti kọ̀ tí kò lẹ̀ mọ́ ọn, pútì ló wà níbẹ̀, ẹnì kan ti fi pútì dí i nígbà kan rí. Mo ti sikuduráfà bọ abẹ́ ilẹ̀kùn lọ́wọ́ ọ̀tún, ó wọlé wọ̀ọ̀ bí ẹni gún búrẹ́dì. Nígbà tí mo ká kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà, ilẹ̀ kọnkéré ilé wa ni mò ń wò láti inú mọ́tò.

Ilé ni mo ti ṣe iṣẹ́ náà, lábẹ́ páànù tí mo ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Paneli bítà kan láti Láfẹ́nwá ló ń bá mi ṣe é lọ́jọ́ Sátidé, ó mọ iṣẹ́ ẹ̀ dáadáa, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìyẹn torí ẹ ti fẹ́ dá a lẹ́bi fún mi. Gbogbo ibi tó ti jẹ la fi gíráńdà gé kúrò títí a fi dé ibi tí irin ti ń dán, kò sí pé à ń lẹ páànù mọ́ irin tó ti kú. Páànù géèjì 18 la rà, gáàsì ló fi jó o, kì í ṣe wẹ́dì oníná, torí tíyẹn ló máa ń lu páànù fẹ́lẹ́ jáde. Ó ń kán an mọ́ ọn níbi, á fò lọ sápá ibòmíì, á tún padà, kí ooru má bàa ká páànù náà kò. A ti tú wáyà bátìrì sílẹ̀ kó tó tanná ràn rárá, garawa yẹ̀pẹ̀ àti àpò tútù sì wà nítòsí. A ò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un rárá.

Àwọn ibi tí ìpáàrà ò tíì jẹ dé òdìkejì la ní ká fi oògùn yín sí, inú féńdà méjèèjì, etí rúùfù lókè, àti abẹ́ ibi tí wíńdìsíkírìn jókòó lé. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sára agolo pé kéèyàn fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha èyí tó ń ṣí dànù, kó nu òróró kúrò, kó jẹ́ kó gbẹ. Mo ha á títí apá fi ń ro mí, mo fi tínà nù ún lẹ́ẹ̀mejì. Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ nígbà yẹn, ìrì máa ń sẹ̀ sára irin láàárọ̀, torí náà mi ò fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì títí di nǹkan bí aago 12 ọ̀sán tí oòrùn ti mú gbogbo ẹ̀ gbẹ.

Ọjọ́ 18 oṣù kìíní ni mo ṣí agolo àkọ́kọ́. Ohun tí mo bá nínú ẹ̀ dà bíi wàrà tó ti dì, kókó-kókó lókè, omi fẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, mo rò ó títí, kò pò pọ̀. Ẹ gbọ́ ibí yìí dáadáa o. Mi ò tíì lò ó rárá tí mo fi pè yín. Arábìnrin kan ló gbé e, mo ṣàlàyé fún wọn, mo tún fi fídíò ránṣẹ́, wọ́n ní "Ẹ mì í dáadáa sà, bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ẹ lò ó." Fídíò yẹn ṣì wà lórí WhatsApp yín títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ká ní wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn pé kí n dúró ni, kò bá sí ìjà.

Mo bá mì í, mo fi sí i. Oògùn tó bá jẹ́ ojúlówó, ásíìdì inú ẹ̀ á di ìpáàrà mú, á sọ ọ́ di nǹkan dúdú tó le, tí ọ̀dà á lè jókòó lé lórí. Ẹ̀yin náà kọ ọ́ pé láàárín 30 ìṣẹ́jú ó máa dúdú. Tèmi ò dúdú. Ọjọ́ kejì, àwọ̀ ilẹ̀ ló ṣì ní, ó tún ń lẹ̀ mọ́ ìka bí oje igi. Mo tún pè. Wọ́n ní oòrùn ni ò tó, kí n tún un kùn lẹ́ẹ̀kejì kí n wá fi páráìmà lé e, kò séwu. Oòrùn Abẹ́òkúta nínú oṣù kìíní ni wọ́n sọ pé kò tó yẹn o! Ṣùgbọ́n mo gbọ́ràn, torí ẹ̀yin lẹ ni ọjà, mo gbà pé ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Oṣù kẹta ni òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀dà tuntun tá a ti fọ́n sí i bẹ̀rẹ̀ sí í wú lára féńdà, bí ara èèyàn ṣe máa ń lé ròrò tí omi gbígbóná bá dà sí i. Mo fi èékánná tẹ ọ̀kan, ó bẹ́, omi pupa rúsúrúsú ṣàn sí mi lọ́wọ́. Mo ṣí ọ̀dà ibẹ̀, gbogbo ẹ̀ ká bí awọ, páráìmà bá a lọ, ìpáàrà tí mo rò pé ó ti kú wà nísàlẹ̀ rekete, ó tiẹ̀ tún ti fẹ̀ sí i. Ibi tá a ti fi páànù tuntun sí ò ṣe nǹkan kan o, ibi tí páráìmà yín jókòó lé irin tó mọ́ náà ò ṣe nǹkan kan. Ibi tí oògùn yín wà nìkan ló wú. Èmi àti paneli bítà jọ wò ó, a ò lè sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀.

Báwo ni mo wá ṣe mọ̀ nípa lébẹ́ẹ̀lì? Agolo kẹta tí mi ò tíì lò tán ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi, oòrùn ń pa á, gọ́ọ̀mù lébẹ́ẹ̀lì náà rọ̀, igun ẹ̀ kan ká sókè. Mo fà á. Lébẹ́ẹ̀lì míì ló wà lábẹ́ ẹ̀. Ti òkè sọ pé a lè lò ó di 08/2026, ti ìsàlẹ̀ sọ pé 06/2022. Mo lọ gbé méjì tó kù tí mo ti jù sápá kan, mo ṣí wọn, bákan náà ló rí. Mo ya fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Kẹ́ ẹ má bàa sọ pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò, mo wá ọkọ́ àtijọ́ kan tó ti dógùn-ún, mo fa ìlà sí i láàárín, mo fi oògùn yín kun apá kan, mo fi irú kan náà tí mo rà tuntun ní ọjà kun apá kejì, ọjọ́ kan náà, wákàtí kan náà, búrọ́ọ̀ṣì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí n tó jẹ ẹ̀bà tán, apá kejì ti dú bí èédú. Tiyín ṣì wà bó ṣe wà. Mo fi fọ́tò ọkọ́ náà ránṣẹ́ sí yín, ìyẹn ni ìránṣẹ́ kejì tẹ́ ẹ kà tẹ́ ò fèsì.

Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹnì kan gbé fóònù lóṣù kẹrin, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ó ní bóyá mọ́tò mi kì í ṣe irin, pé jíìpù àtijọ́ máa ń jẹ́ alumíníọ̀mù, oògùn ò sì lè ràn án. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Land Rover ni ó ń sọ. Irin wọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ogun Hítílà, ìyẹn ni wọ́n ṣe fi alumíníọ̀mù ṣe bọ́dì Land Rover nígbà tó jáde ní 1948, síbẹ̀ náà irin ni ṣáàsì ẹ̀, ó ń dógùn-ún bíi ti gbogbo irin. Land Cruiser ti bàbá mi, irin ni látòkè délẹ̀. Mo ṣáà ti sọ fún yín pé mo fi mágínẹ́ẹ̀tì tọ gbogbo ara ẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì kì í sì í lẹ̀ mọ́ alumíníọ̀mù. Ẹ má fi ẹni tí ò mọ̀yàtọ̀ Land Rover àti Land Cruiser síbi tí á ti máa dá oníbàárà lóhùn, ẹ jọ̀ọ́.

Ọjọ́ ìrántí bàbá mi ti kọjá. Táksí la gbé lọ. Ìyá mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ jíìpù náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pẹ̀lú aṣọ àdìrẹ tí wọ́n dìídì lọ gbà ní Ìtòkú, wọ́n fọwọ́ pa orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀, wọ́n ní "Kò burú, ọmọ mi, ó ṣì máa dáa." Mi ò rí nǹkan kan sọ.

Ohun tí mo ń fẹ́ ò pọ̀. Ẹ dá ₦86,000 mi padà. Mo mọ̀ pé páráìmà ò ní àléébù tiẹ̀, àmọ́ ó ti bá oògùn yín lọ, mi ò lè ha á padà sínú agolo. Ẹ san ₦35,000 tí paneli bítà máa gbà láti ha gbogbo ibi tó wú kúrò, iye tó dá lé mi nìyẹn, mi ò fi kọ́bọ̀ lé e. ₦121,000 ni àpapọ̀ ẹ̀. Ẹ má fi agolo míì pàrọ̀ fún mi, mi ò fẹ́. Kẹ́ ẹ sì lọ yẹ sitọ́ọ̀ wò, ẹ ṣí lébẹ́ẹ̀lì gbogbo èyí tó kù, torí kì í ṣe èmi nìkan ló ń rajà lọ́wọ́ yín, ẹlòmíì lè fi sí abẹ́ mọ́tò tó ń kó ọmọ iléèwé kiri, á rò pé irin abẹ́ ẹ̀ ti dáa.

Mo fún yín ní ọjọ́ 14 láti ọjọ́ tí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́. Tí ọjọ́ náà bá pé tí mi ò gbọ́ nǹkan kan, màá gbé e lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, òfin tí wọ́n ṣe ní 2018 wà fún irú ọ̀rọ̀ báyìí. Agolo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lébẹ́ẹ̀lì méjèèjì tó wà lára ìkọ̀ọ̀kan, rìsíìtì, fídíò àti ọkọ́ náà, gbogbo ẹ̀ wà nínú páálí kan lábẹ́ ibùsùn mi. Ẹni tẹ́ ẹ bá rán wá lè wá wò ó nílé lọ́jọ́ tó bá wù yín, lẹ́yìn aago 4 ìrọ̀lẹ́. Jíìpù náà ṣì wà lábẹ́ páànù, mo ti fi tapólì bo féńdà ẹ̀ torí òjò.

Èmi oníbàárà yín,
ẹni tó ni Land Cruiser, Ìdí-Abà.