Kí ẹ tó sanwó ND ẹ̀rọ

Olóòtú,

Ẹ bá mi sọ fún àwọn òbí ẹlẹgbẹ́ mi pé owó iléèwé nìkan kọ́ ni ND ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìwé-ẹ̀rí àkọ́kọ́ ní poli, ń gbà. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń ṣe é ní poli, IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ ní iléeṣẹ́, tún ń bẹ níwájú kó tó kan HND tó ga ju ND lọ, bẹ́ẹ̀ ND nìkan kò gbé ọmọ dé NYSC. Ọkọ̀, yàrá, oúnjẹ, àpò yín náà ni.

Mi ò ní kí wọ́n má lọ o. Ọmọ tó mọ láàtì, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí wọ́n lè gé e, lò, tó ń fi vernier, irinṣẹ́ ìwọ̀n, wọn irin láìṣì í, kò ní jókòó sílé pẹ́. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yọjú sí wọ́kìṣọ́ọ̀bù wọn: ṣé láàtì náà ń yí, àbí eruku ló bò ó?

Òbí kan,
Ìbàdàn