Ọjọ́ orí kọ́ ló yẹ kó lé katakata kékeré kúrò lóko

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí katakata kékeré, níbi tí ẹ ti gba àwọn tó ń dáko níyànjú pé bí tiwọn bá ti lé ní ogún ọdún, kí wọ́n yáa tà á, kí wọ́n fi owó lé e, kí wọ́n ra tuntun. Àpilẹ̀kọ náà já gaara, ibi tó parí sí ni kò bá mi lára mu. Èmi náà ní àgbàlagbà katakata kan tó ń bá mi túlẹ̀, tó ń gé koríko, tó sì ń fa ẹrù, ó sì pẹ́ tí mo ti ń rò ó bóyá kí n pààrọ̀ rẹ̀. Lójú tèmi, ìbéèrè tí kò tó nǹkan lẹ gbé síwájú, ẹ wá fi ìlà kan ṣoṣo sọ èyí tó ń pa ènìyàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ọjọ́ orí. Kì í ṣe ọdún ni ẹ̀ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì fi ń gbó, wákàtí tó fi ṣiṣẹ́ àti ọwọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ni. Katakata tí olówó rẹ̀ ń gùn ní òpin ọ̀sẹ̀ nìkan lè pé ọgbọ̀n ọdún kí aago wákàtí rẹ̀ tó ka 2,000. Èyí tó wà lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe tó ń jí gùn ún láràárọ̀ lè ka ju bẹ́ẹ̀ lọ kó tó pé ọdún méjì. Èwo ló wá dàgbà jù nínú méjèèjì? Ẹ̀ńjìnnì kékeré onípísítìn mẹ́ta, tí wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà rẹ̀ lásìkò, tí wọn kò jẹ́ kí omi rédíétọ̀ rẹ̀ di ìpẹtà, wákàtí 5,000 kì í ṣe nǹkan bàbàrà fún un.

Kí ẹnikẹ́ni tó dá ẹjọ́ ẹ̀ńjìnnì, kó lọ bá a láàárọ̀ kùtùkùtù, nígbà tó ti sùn mọ́jú tó sì ti tutù. Bí ti ẹlòmíì bá ni, kó gbọ́wọ́ lé e lórí kó tó ṣiná, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta ọjà mọ bí wọ́n ṣe ń mú un gbóná de oníbàárà. Kó wo èéfín. Funfun díẹ̀ tó bá parẹ́ bí ara rẹ̀ ṣe ń gbóná kò ṣe nǹkan kan, epo tí kò tíì jóná tán ni. Bí funfun náà bá kọ̀ tí kò lọ, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín kù láìsí ibi tó ń jò sí, ẹ fura sí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ̀ńjìnnì. Búlúù ń sọ pé ó ń mu ọ́ìlì. Dúdú sábà máa ń wá láti ara fílítà afẹ́fẹ́ tó ti dí tàbí iṣẹ́ tó ju agbára rẹ̀ lọ, ìyẹn kò sì tó ohun tí à ń torí rẹ̀ ra katakata. Kó ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ìlì nígbà tí ẹ̀ńjìnnì ń ṣiṣẹ́: bí afẹ́fẹ́ bá ń tú jáde níbẹ̀ fùù fùù, ríìngì písítìn ti jẹ. Kó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Bí ọ́ìlì bá ti di funfun kíkì, omi ti wọ̀ ọ́. Katakata tó bá yege gbogbo èyí ṣì ní iṣẹ́ nínú.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn tí wọ́n ń kà sí àwọn àtijọ́ yìí lẹ́sẹ̀, ẹ̀ńjìnnì kò mọwọ́ mẹsẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n á ní kì í tètè ṣiná, okùn bátìrì tó so mọ́ ara irin ló ti dípẹtà, tàbí ọ̀kan nínú àwọn ohun tó ń mú ojú písítìn gbóná ló ti kú. Wọ́n á ní ó ń kú lójú iṣẹ́, afẹ́fẹ́ ló wọ ọ̀nà epo. Wọ́n á ní ọwọ́ ẹ̀yìn kò lágbára láti gbé ohun èlò sókè mọ́, fílítà ọ́ìlì háídírọ́líìkì tí ẹnikẹ́ni kò fojú kàn rí ló ti dí. Kílọ́ọ̀ṣì nìkan ló ní ìdí tó fi ń dẹ́rù bani, torí àfi kí wọ́n pín katakata sí méjì láàárín ẹ̀ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì kí ọwọ́ tó kàn án. Owó iṣẹ́ ibẹ̀ máa ń ju owó páàtì lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pín in, kí wọ́n pààrọ̀ béárìn kílọ́ọ̀ṣì àti síìlì ẹ̀yìn ẹ̀ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lè pẹ́ gan-an kí ẹ tó tún ní ìdí láti débẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí mo rí i pé ó ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ta katakata tí kò ṣe nǹkan kan. Nínú àwọn àtijọ́ púpọ̀, kílọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ fún táyà àti fún ọ̀pá ẹ̀yìn tó ń yí ohun èlò, tí wọ́n ń pè ní PTO. Ẹ ń gé koríko pẹ̀lú ẹ̀rọ abẹ́ wíwúwo, ẹ dé ìpẹ̀kun oko, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì kí ẹ lè dúró, katakata kò dúró. Ó ṣì ń lọ. Abẹ tó ń yí ló ní ipá nínú, òun ló ń gba ẹ̀yìn yí gíábọ́ọ̀sì padà, tó ń ti yín lọ bá ọgbà tàbí kòtò tó wà níwájú. Ó ń bani lẹ́rù lóòótọ́. Ìwòsàn rẹ̀ ni irin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní overrunning coupler. Orí ọ̀pá PTO ni wọ́n ń kì í bọ̀, ó ń jẹ́ kí katakata yí abẹ, kì í sì í jẹ́ kí abẹ yí katakata. Ọwọ́ kan ló gbà. Ẹni tó torí èyí ra tuntun ti ra katakata odindi nígbà tí irin tí kò gùn tó ìgbọ̀nwọ́ ì bá tó o.

Àpilẹ̀kọ yín tún sọ pé ẹni tó bá ra tuntun yóò ní láti pààrọ̀ ohun èlò ẹ̀yìn rẹ̀. Rárá o, kì í ṣe dandan. Láti ìgbà tí Harry Ferguson ti gbé ọwọ́ ẹ̀yìn onígun mẹ́ta rẹ̀ kalẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń so ohun èlò mọ́ katakata, tí Ford sì fi sára katakata 9N ní ọdún 1939, òun náà ni gbogbo ayé ń lò. Katakata kékeré púpọ̀, àtijọ́ àti tuntun, ń lo ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Category 1, tí ihò ọwọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń gba irin mìlímítà 22. PTO náà, yíyí 540 ní ìṣẹ́jú kan ló ṣì jẹ́. Ẹ wọn tiyín kí oníṣòwò tó kó ohun èlò tuntun jọ sórí ìwé ìsanwó fún yín.

Tuntun pàápàá ní wàhálà tirẹ̀. Láti ọdún 2013 ni òfin èéfín ti le ní Amẹ́ríkà fún ẹ̀ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tó bá ti tó nǹkan bí agbára ẹṣin 25, Yúróòpù náà sì fi òfin tiwọn kún un ní ọdún 2019. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí púpọ̀ nínú katakata kékeré tí agbára wọn dúró sí 24 àti díẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan fa ìlà síbẹ̀. Lókè ìlà yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbé fílítà èéfín tí wọ́n ń pè ní DPF, tó ń gba ẹ̀ẹ̀dú inú èéfín dúró, tó sì ní láti máa gbóná gidi láti jó o dànù. Iṣẹ́ gígùn tó le ló bá a lára mu. Ẹni tó ń ṣiná láti gbé ẹrù kan kọjá àgbàlá, tó pa á, tó tún ṣiná nírọ̀lẹ́, fílítà náà kò ní ráyè gbóná, yóò máa dí. Èmi kò lòdì sí afẹ́fẹ́ tó mọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kéré má ra wàhálà ẹni tí iṣẹ́ tirẹ̀ pọ̀.

Ní ti páàtì, òótọ́ lẹ sọ pé ibẹ̀ ni ọ̀nà ti ń dí mọ́ àwọn àtijọ́, ṣùgbọ́n kì í tètè dí tó bí wọ́n ṣe ń sọ. Orúkọ tó wà lára bónẹ́ẹ̀tì kọ́ ni orúkọ ẹni tó ṣe é nígbà gbogbo. Shibaura ló ṣe púpọ̀ nínú àwọn Ford kékeré ayé àtijọ́, Yanmar ló sì ṣe John Deere 850 àti 950. Bí ilé ìtajà bá ní àwọn kò ní mọ́, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀ńjìnnì, kí ẹ fi orúkọ ẹni tó ṣe é wá a.

Nígbà wo ló wá yẹ kéèyàn pààrọ̀? Nígbà tí iṣẹ́ bá ti yí padà. Bí ó bá jẹ́ pé ìtúlẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, tó wá di pé lódà iwájú lẹ fi ń kó ẹlẹ́bọ́tọ àti yẹ̀pẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, síwá sẹ́yìn, síwá sẹ́yìn, katakata onígíà tí kò ní páwà sítíárìn yóò pa yín ní apá, yóò sì pa yín ní orúnkún. Èyí tí wọ́n ń pè ní hydrostatic, tó jẹ́ pẹ́dà lẹ fi ń darí ìlọ àti ìbọ̀ rẹ̀, ni iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Ó ń jẹ díẹ̀ nínú agbára tó yẹ kó dé PTO, àmọ́ ẹni tó ń lo lódà kò ní kà á sí. Èyí ni ìdí tó dára jù tí mo mọ̀ fún ríra tuntun, ẹ kò sì fẹnu bà á.

Ó wá ku èyí tí ẹ fi ìlà kan ṣoṣo sọ, ìyẹn irin ààbò ẹ̀yìn ìjókòó tí wọ́n ń pè ní ROPS, tí kì í jẹ́ kí katakata tẹ ẹni tó ń gùn ún pa bí ó bá dojú dé. Ibi kan ṣoṣo nìyí tí ọjọ́ orí katakata ti ní ìtumọ̀. Sweden ti pa á láṣẹ láti ọdún 1959 pé katakata tuntun gbọ́dọ̀ ní i. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1985 ni àwọn tó ń ṣe katakata tó fọwọ́ sí i pé gbogbo èyí tí agbára rẹ̀ bá ju ti ẹṣin 20 lọ yóò máa bá a jáde. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ti wà ṣáájú ìgbà náà kò ní in. Katakata kékeré fúyẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì sún mọ́ra. Ẹ so ẹrù mọ́ ọn lókè ju ibi ìfàrù lọ, táyà ẹ̀yìn kọ̀ láti yí, ẹ̀ńjìnnì kò dáwọ́ dúró, iwájú rẹ̀ á gbéra nílẹ̀. Kó tó ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó ti dojú dé sórí ẹni tó ń gùn ún. Kò sí ẹsẹ̀ tó yá tó bẹ́ẹ̀. Àjọ NIOSH ti Amẹ́ríkà, tó ń rí sí ààbò àwọn òṣìṣẹ́, sọ pé bí irin yìí bá wà, tí ẹni náà sì de bẹ́líìtì, ó ń gba ẹ̀mí là ní ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún.

Fún ọ̀pọ̀ katakata àtijọ́, wọ́n ṣì ń ta irin yìí pẹ̀lú bọ́ọ̀tù rẹ̀, tí wọ́n ti dán wò fún irú katakata náà gan-an. Kí ẹnikẹ́ni má gbé páìpù lọ bá wẹ́dà láti bá a jó nǹkan tó jọ ọ́. Páìpù tí ẹnikẹ́ni kò dán wò lè kán lọ́jọ́ tí wọ́n nílò rẹ̀. Kí ẹni tí tirẹ̀ kò ní irin má sì de bẹ́líìtì, torí ìyẹn á so ó mọ́ ohun tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ni. Bí kò bá wá sí èyí tó bá tiyín mu níbikíbi, èmi àti ẹ̀yin ti fẹnu kò nìyẹn: ẹ wá òmíràn. Ẹ má sì tà á fún ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ torí pé owó ọwọ́ rẹ̀ kéré. Ẹ tú u ta fún páàtì, tàbí kí ẹ gbé e kalẹ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú, kó máa yí pọ́ọ̀ǹpù omi.

Òmíràn tí mo wí yẹn kò sì ní láti jẹ́ tuntun. Tòkunbọ̀ tó ti ní irin ààbò, tí agbára rẹ̀ kò tíì kọjá ìlà DPF, lè tó ẹni púpọ̀. Kí ẹ má kàn gba aago wákàtí gbọ́ o, wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wo rọ́bà pẹ́dà, ẹ wo eyín ọ̀pá PTO, ẹ wo ihò tí wọ́n ń ki irin ìfàrù bọ̀ bóyá ó ti jẹ di gbọọrọ. Ìwọ̀nyí kò ṣeé yí sẹ́yìn.

Bí ẹ bá tún máa kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ pe àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe katakata, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn, orúkọ àti nọ́ńbà, èyí tí wọ́n ṣì ń ṣe irin ààbò fún nínú àwọn tí wọ́n ti tà sẹ́yìn àti èyí tí wọn kò ṣe é fún mọ́. Kí ẹ tẹ àkójọ náà jáde ní ojú ìwé kan tí èèyàn lè gé mọ́wọ́.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan tó ń fi katakata dáko