Orúkọ Wa Lára Pákó

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ọ̀sẹ̀, ẹ sì kú òjò. Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ìkórè ni mo fẹ́ kọ sójú ìwé yìí lọ́sẹ̀ yìí, mo tilẹ̀ ti kọ ọ́ dé ìdajì kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó dé. Ìkórè á dúró ná.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, mo yà sí ìsọ̀ ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì, gàrí àti súgà lọ́nà Sábó, níhìn-ín ní Ṣágámù. Ó ń wọn gàrí fún ọmọdébìnrin kan lọ́wọ́. Ó bu kóńgò kún títí ó fi ṣe ṣónṣó lórí, ó dà á sínú ọ̀rá, ó wá tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i ṣe ènì. Bí mo ṣe ń dúró kó kàn mí, ojú mi lọ sára pákó ìsọ̀ náà. Èédú ló fi ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà síbẹ̀. Kò mọ orúkọ ọ̀pọ̀ nínú wa, iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe nínú ìjọ ló fi ń dá wa mọ̀. Ẹnì kan ń jẹ́ KỌYA, ẹnì kan ń jẹ́ ỌṢA. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣó tó fi gbé tọ́ọ̀ṣì kọ́, ni PASITO 700.

Mo kọ́kọ́ rò pé pásítọ̀ ìjọ mìíràn ni. A kúkú pọ̀ ní àdúgbò yìí. Mo bi í. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wolẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ni, Dádì. Tíránsífà ọjọ́ òjò yẹn ni. Kò wọlé."

Mo rántí. Ó ti lé lóṣù méjì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège lọ́jọ́ náà, mo sì ní tí mo bá délé n ó tún un fi ránṣẹ́. Mo délé, mo jẹ búrẹ́dì, mo gbàgbé. Mo ní, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò rán mi létí? Ojoojúmọ́ ni mò ń gba iwájú yín kọjá." Ó ní, "Háà! Ẹni tó ń gbàdúrà fún ìlú, ṣé èmi ni n ó dá a dúró lójú títì torí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà?"

Mùsùlùmí ni ìyá náà. Ẹní tó fi ń kírun wà ní kíká lẹ́yìn àpò gàrí. Ó bọ̀wọ̀ fún oyè mi ju bí èmi alára ṣe bọ̀wọ̀ fún ọjà rẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà ni ẹsẹ Bíbélì kan ti ń yí mi lọ́kàn, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 11:26, níbi tí a ti kà pé ní Áńtíókù ni a ti kọ́kọ́ pe àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ní Kristiẹni. Ẹ kíyè sí i, kì í ṣe àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ló jókòó ṣèpàdé tí wọ́n fi yan orúkọ yẹn. Láàárín ara wọn, "arákùnrin" ni wọ́n ń pe ara wọn, tàbí "ènìyàn mímọ́", tàbí àwọn ti Ọ̀nà náà. Àwọn ará ìlú ló sọ wọ́n ní Kristiẹni. Ilé làá wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn ará Áńtíókù wo ilé náà, wọ́n rí ẹni tí àwọn èèyàn náà fi ń ṣe àwòkọ́ṣe, wọ́n sì sọ wọ́n lórúkọ Rẹ̀.

Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ọwọ́ ará òde ni orúkọ wa wà. Mo mọ̀ pé ó ń dun ọ̀pọ̀ nínú yín bí wọ́n ṣe ń fi onígbàgbọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lórí rédíò àti lórí fóònù. Ó ń dun èmi náà. Ṣùgbọ́n kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í fèsì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ ka ohun tí wọ́n fi èédú kọ.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa sọ fún mi pé ọlọ́kadà kan ní òun kì í fẹ́ gbé ará ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday. Wọ́n á ná owó ọkọ̀ títí, tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ wọ́n á tún mú èyí tó dín wá, wọ́n á ní, "Ọlọ́run á bù kún ẹ." Àdúrà wá di ṣéńjì. Ẹ ẹ̀ rí i pé kò sí ìwàásù tí mo lè ṣe láàárọ̀ Sunday tí ọkùnrin yẹn máa gbọ́? Ó ti gba ìwàásù tirẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ télọ̀ àti alásè. Àwa ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ayẹyẹ ò ṣẹ̀yìn wa, a mọ̀ ọ́n ṣe, a sì mọ̀ ọ́n wọ̀. Ṣùgbọ́n tí òde bá ti parí, tí aṣọ ẹbí ti wọnú àpótí, ẹni tó rán an ń pè wá lórí fóònù, a ò gbé e. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ a dé iwájú pẹpẹ, a fọ́n owó, télọ̀ wà níta ó ń wo fídíò rẹ̀.

Mo padà sídìí ènì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ìyá oníbúrẹ́dì kò fi ènì dí kóńgò tí kò kún. Kóńgò kún ná, ènì tó tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ohun tí àwa ń pè ní iṣẹ́ àánú jẹ́ ènì orí kóńgò tó dín. A ó kó ìrẹsì lọ fún àwọn aláìní, ọmọ tó ń bá wa tajà ò tíì gba owó oṣù tó kọjá. A ó bẹ ilé ìwòsàn wò, a ó fún aláìsàn ní ọṣẹ, ayálégbé wa kan sì wà tó ń fi bàsíà gbe omi tó ń jò lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kọ̀wé sí Títù, kì í ṣe àwọn bíṣọ́ọ̀bù ló sọ fún pé wọ́n lè ṣe ẹ̀kọ́ Ọlọ́run ní ọ̀ṣọ́. Àwọn ẹrú ni, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀. Ó sì kọ́kọ́ ní kí wọ́n má ṣe jalè. Kóńgò kó kún ná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìjọ fúnra rẹ̀, torí pé kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Bàbá àgbàlagbà kan ń gbé lẹ́yìn ilé ìjọ wa. Lọ́dún tó kọjá, ní nǹkan bí aago méjì òru, ó wá kan ilẹ̀kùn lásìkò ìṣọ́ òru, ó ní ká jọ̀ọ́ ká dín sípíkà kù. Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà dá a padà. Ẹnì kan wá sọ ọ́ létí mi pé ọ̀tá iṣẹ́ Olúwa kan wà níta. Ẹ ó rántí, ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀: a fi bàbá náà kún kókó àdúrà, a dè é mọ́lẹ̀. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé ìyàwó rẹ̀ ni rọpárọsẹ̀ dà dúbúlẹ̀ nígbà náà, kì í sì í rí oorun sùn. Jẹnẹrétọ̀ wa tún kọjú èéfín sí fèrèsé yàrá tí ó wà.

Mo ti lọ tọrọ àforíjì. Bàbá náà fún mi ní àga, ó fún mi lómi, kò sì bú mi, ó kàn bi mí pé ṣé a ti rí ọ̀tá náà mú. Ìgbìmọ̀ ìjọ ti fọwọ́ sí i pé láti ìṣọ́ òru ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, sípíkà tó wà níta kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́. A ó yí jẹnẹrétọ̀ padà, a ó ṣe òpó fún èéfín rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì máa ń gbé mọ́tò dí géètì àwọn aládùúgbò lọ́jọ́ Sunday, ẹ lọ gbé e sí pápá ilé ìwé, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn díẹ̀. Ọlọ́run ò di létí, ẹsẹ̀ yín náà ò sì rọ.

Àwọn kan á ní, "Pásítọ̀, ṣé kí a wá máa ṣe rere kí ayé lè yìn wá ni?" Ìbéèrè tó dára ni. Mátíù 5:16 ní kí ènìyàn rí iṣẹ́ rere wa, ṣùgbọ́n Baba wa ní ọ̀run ni kí wọ́n máa yìn lógo. Ẹ wo Dọ́kásì ará Jópà ní Ìṣe 9. Nígbà tí Pétérù dé, àwọn opó dúró tì í, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń fi ẹ̀wù àti aṣọ tí ó dá fún wọn hàn án. Dọ́kásì ti kú, kò sí níbẹ̀ láti ní kí wọ́n gbé aṣọ sókè. Àwa ńkọ́? A ó tẹ bánà, a ó to àwọn opó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ọmọ ilé ìwé, a ó ní kí ìyá àádọ́rin ọdún gbé àpò ìrẹsì sókè kí kámẹ́rà lè rí orúkọ ìjọ dáadáa. Mo ti ṣe é rí, mo wà nínú fọ́tò náà. Nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, èmi nìkan ló ń rẹ́rìn-ín.

Ìgbà kan wà tí kò sí ẹni tó ní láti ya fọ́tò. Ní nǹkan bí ọdún 362, Julian, olú ọba Róòmù tó kórìíra ìgbàgbọ́ wa, kọ lẹ́tà sí olórí àwọn abọ̀rìṣà kan, ó ń ráhùn pé àwọn ará Gálílì, bẹ́ẹ̀ ló ń pe àwọn Kristiẹni, ń bọ́ òtòṣì tiwọn, wọ́n tún ń bọ́ ti àwọn abọ̀rìṣà mọ́ ọn, ojú sì ń ti òun. Ẹnu ọ̀tá ni ẹ̀rí yẹn ti jáde.

Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ẹ̀rí náà máa ń dojú kọ ibòmíràn. Ìkẹ́nnẹ́ ò jìnnà. Ibẹ̀ ni Tai Ṣólàrín àti Sheila ìyàwó rẹ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ sí ní 1956. Bàbá náà kò fi bò fún ẹnikẹ́ni pé òun kò gba Ọlọ́run gbọ́. Ṣòkòtò péńpé àti fìlà ló ń wọ̀ kiri. Nígbà tí ìjọba dá People's Bank sílẹ̀ ní 1989 kí mẹ̀kúnnù lè rí owó yá, òun ni wọ́n fi ṣe alága. Ó kú ní 1994, àwọn àgbà Rẹ́mọ ò sì tíì dákẹ́ nípa rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wò mí lójú níbi òkú kan, ó ní, "Pásítọ̀, ẹni tí kò gbà pé Ọlọ́run wà yẹn ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ ju ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tí ẹ gbà lọ." Mo wá èsì títí. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran tó wà níwájú mi.

Ọ̀rọ̀ kan kù, ti àwọn ará Sábó. Ẹni tó wà ní Ṣágámù ní oṣù keje ọdún 1999 mọ ohun tí ojú rí láàárín àwa àti àwọn Hausa, mi ò ní tú u palẹ̀ níhìn-ín. Obì ló so wá pọ̀ mọ́ wọn láti ayé àwọn bàbá wa, tí obì Rẹ́mọ ti ń wọ ọkọ̀ lọ sókè Ọya. Àwọn àgbà sì ní ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Ọkùnrin tó ń tún bàtà yín ṣe ní orúkọ. "Àbókí" kọ́ ni orúkọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ọ̀rẹ́ la ṣe ń pè é. Ẹ bi í ní orúkọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Tí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ fi pè é ní ọjọ́ kejì.

Ní ti èmi, owó ọwọ́ ni mo fi san ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà náà, mi ò bá tíránsífà lọ. Ìyá náà ti àkísà bọ omi, ó fi nu PASITO kúrò lára pákó, ibẹ̀ sì dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ra búrẹ́dì kan àti gàrí kóńgò kan. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e fún èmi náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tí mò ń kọ èyí parí, mo tún gba ibẹ̀ kọjá. Orúkọ ará ìjọ mẹ́ta ṣì wà níbẹ̀. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni ìyá náà máa ń palẹ̀ mọ́.