Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ tí Iṣẹ́ Bọ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo ka àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ ní àkàtúnkà. O ní ó ti sú ọ, pé gbogbo ibi tí o kọ̀wé sí ló dákẹ́, pé o kàn ń jí láàárọ̀ ni, o sì ń wo òkè àjà. N kò ní sọ pé kí o ṣara gírí. Ẹni tí wọ́n ṣàdédé gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìṣẹ̀ láìrò kò nílò ẹni tí yóò máa pariwo sí i létí. Àmọ́ mo fẹ́ kí o mọ̀ pé àárẹ̀ tó mú ọ yìí kì í ṣe ìmẹ́lẹ́, ó sì ní ibi tó ti ń wá.

Ní nǹkan bí ọdún 1930, ilé iṣẹ́ ìhunṣọ tó ń bọ́ abúlé Marienthal lórílẹ̀-èdè Austria kógbá wọlé. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Marie Jahoda àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wo bí àwọn ará abúlé náà ṣe ń gbé ayé lẹ́yìn náà. Èèyàn á rò pé ẹni tó ní gbogbo ọjọ́ fún ara rẹ̀ á máa kàwé. Rárá o. Ńṣe ni iye ìwé tí wọ́n ń yá ní ilé ìkàwé wálẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ gbé aago lọ́wọ́, wọ́n ń wo bí èèyàn ṣe ń kọjá lójú pópó: àwọn ọkùnrin ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, wọ́n ń dúró ṣáá, bí ẹni tí kò síbi tó ń lọ. Àwọn obìnrin ń yára jù wọ́n lọ, torí iṣẹ́ ilé kò dáwọ́ dúró fún wọn.

Ṣé o rí i? Owó oṣù nìkan kọ́ ni iṣẹ́ ń fún èèyàn. Òun ló ń sọ ìgbà tí a ó jí, àwọn tí a ó kí, àti ìgbà tí ọjọ́ ń parí. Gbogbo rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, má dúró kí ó kọ́kọ́ wù ọ́ kí o tó dìde. Ó lè má wù ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mú aago kan, kí o máa jí ní aago yẹn. Wẹ̀, wọ aṣọ tó dáa. Fi wákàtí mẹ́ta wá iṣẹ́, kí o wá pa kọ̀ǹpútà dé. Pípa tí o bá pa á dé yẹn ṣe pàtàkì. Ẹni tó ń yẹ fóònù wò láti òwúrọ̀ títí di òru kò wá iṣẹ́, ọkàn rẹ̀ ló ń jẹ.

O mọ̀ pé mo pẹ́ nídìí tábìlì àwọn tó ń gbani síṣẹ́. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹni tó kọ̀wé kì í rí. Nígbà mìíràn wọ́n á ti yan ẹnì kan láti inú ilé kí wọ́n tó polówó àyè náà. Nígbà mìíràn ọ̀gá á ní òun ò gba ẹnikẹ́ni mọ́, kò sì sẹ́ni tó máa rántí sọ fún àwọn tó ti kọ̀wé. Àwọn lẹ́tà mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni ò ṣí rárá. Nítorí náà má fi èsì wọn díwọ̀n ọjọ́ rẹ. Ọwọ́ wọn ni èsì wà. Ohun tó wà lọ́wọ́ tìrẹ ni kí o kà: lẹ́tà tí o kọ dáadáa, ẹni tí o pè. Mo sì ní dáadáa o! Lẹ́tà tí èèyàn fi ránṣẹ́ síbi gbogbo, láti ìlà àkọ́kọ́ la ti ń mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí wàá pè ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù, torí mo mọ̀ pé o ti ń fara pamọ́. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1973, Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ, béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà bí wọ́n ṣe rí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Nínú àwọn tó tipasẹ̀ ojúlùmọ̀ rí iṣẹ́, bí i 17 péré nínú 100 ló ń rí ojúlùmọ̀ náà déédéé. Àwọn yòókù, ẹni tí wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni, tàbí ẹni tó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí gbẹ̀yìn. Ó yé mi. Ohun tí ìwọ gbọ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ tímọ́tímọ́ náà gbọ́. Ẹni tó jìnnà ló ń gbọ́ ohun tí ẹ̀yin méjèèjì ò mọ̀. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Wá àwọn tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ rí, àti àwọn oníbàárà tó mọ ọwọ́ rẹ. Má ní kí wọ́n bá ọ wá iṣẹ́, ìyẹn a máa wúwo létí. Bi wọ́n bí ibi iṣẹ́ wọn ṣe ń gbani àti ohun tí wọ́n ń wò lára ẹni.

Bí wọ́n bá bi ọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, gbólóhùn kan tó: “Wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù, ẹ̀ka wa sì wà lára àwọn ẹ̀ka tí wọ́n tì.” Sọ ọ́ sókè níwájú dígí títí ohùn rẹ kò fi ní gbọ̀n mọ́. Má bú ọ̀gá rẹ àtijọ́ lójú ẹni tó fẹ́ gbà ọ́. Ìbínú náà, kọ ọ́ sínú ìwé nílé, kí o fà á ya bó bá wù ọ́. James Pennebaker, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 1994 lórí àwọn ẹnjiníà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó kọ ohun tó ń dùn wọ́n sílẹ̀, fún ìgbà díẹ̀ lóòjọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, ló tètè rí iṣẹ́ ju àwọn yòókù lọ. Wọn kò pọ̀ níye, n ò sì ní fi búra fún ọ, ṣùgbọ́n bírò àti ìwé kò wọ́n.

Ti owó: sọ iye tó kù gan-an fún ọkọ rẹ, kì í ṣe iye tí ojú rẹ lè gbà. Bí iṣẹ́ kékeré bá yọjú, gbà á, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó gba wákàtí mẹ́ta yẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí o sanwó kí òun tó gbà ọ́ síṣẹ́, olè ni.

Kọ orúkọ ẹni mẹ́wàá tí o ti pẹ́ tí o ti bá sọ̀rọ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ Ajé. Lẹ́tà ìwáṣẹ́ tó o bá kọ tẹ̀ lé e, jẹ́ kí n kà á kó tó jáde lọ́wọ́ rẹ. Mo ṣì mọ èyí tí wọ́n máa ń gbé tì.

Èmi ni,
Ìyá rẹ