Nọ́ńbà ni kí o gbà, má gba fọ́tò

Leipzig, Jámánì

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, mo kí Màámi àti gbogbo ará ilé. Ara mi le, òtútù nìkan ló ń bá wa fínra. Owó oògùn Màámi á wọlé lọ́jọ́ Ẹtì. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí wọ́n fi ra aṣọ ẹbí.

Mo rí gíráàfù tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Èédú tí o fi èèpo ẹ̀gẹ́ ṣe yẹn dáa gan-an. Ṣùgbọ́n fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà lo yà, iná àjà tilẹ̀ ń tàn yanran lójú rẹ̀! Kò sí jọ́nà sáyẹ́ǹsì tó máa gbà á. Padà lọ bá ọ̀gá tó ń tọ́jú ẹ̀rọ FTIR yẹn, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ infrared yẹ èédú rẹ wò, fi sùúrù bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá ọ tọ́jú rẹ̀ sí CSV, fáìlì nọ́ńbà lásán. Òpó nọ́ńbà méjì péré ni wàá bá níbẹ̀: ọ̀kan ni nọ́ńbà ìgbì ìmọ́lẹ̀ (cm⁻¹), láti 4000 dé 400, èkejì ni ìdá ìmọ́lẹ̀ tó la èédú náà kọjá. Gba fáìlì tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kọ pẹ̀lú, torí inú rẹ̀ ni bí wọ́n ṣe to ẹ̀rọ wà.

Má ní kí n bá ọ fi Excel ṣí i níbí o. Níbi tí àwa ti ń kọ 1.5, 1,5 ni àwọn ará ibí ń kọ. Bí Excel wọn bá rí 1.5 tiwa, á sọ ọ́ di ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún!

Matplotlib, irinṣẹ́ Python tí wọ́n fi ń ya gíráàfù, ni kí o fi yà á, ọ̀fẹ́ ni. John Hunter tó ṣe é, iná mànàmáná inú ọpọlọ àwọn oníwárápá ló fẹ́ fi wò. Kọ́kọ́ pinnu bó ṣe máa fẹ̀ tó: òpó ọ̀rọ̀ kan nínú jọ́nà Nature jẹ́ mílímítà 89. Tí o bá yà á ní fàkìàfakia kí o tó fún un kéré, lẹ́tà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á dà bí ẹyin eèrà. Kí 4000 wà lọ́wọ́ òsì. Bí àwọn oníkẹ́mísírì ṣe ń kà á nìyẹn. Má fi ìlà pupa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà aláwọ̀ ewé, àwọn kan ò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Tọ́jú rẹ̀ sí PDF. Bí wọ́n bá ní TIFF, fáìlì àwòrán, làwọn fẹ́, kó má dín sí 300 dpi (iye tóótòòtó inú íǹṣì kan). Bí o bá ń fi ránṣẹ́ sí mi, "Document" ni kí o tẹ̀, torí WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀.

Kòtò kékeré tó wà nítòsí 1700 lórí gíráàfù yẹn ńkọ́? Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí o fi smoothing, ìyẹn mímú ìlà dán, pa á rẹ́, má dá a lóhùn. C=O, ìyẹn kábọ́ọ̀nù tó so mọ́ ọ́síjìn, ni mo fura sí, nọ́ńbà ibẹ̀ gan-an ni kí o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́.

Sọ fún Màámi pé mò ń jẹun dáadáa.

Èmi ni,
Bọ̀dá rẹ