Lẹ́tà sí Màmá Julie Andrews

Ẹ̀yin Màmá,

Ẹ ò mọ̀ mí rí. Ọmọ mi obìnrin ló tì mí tí mo fi mú bírò. Ó ń wo yín nínú fíìmù Mary Poppins, ó wá bi mí bóyá obìnrin tó fi agboòrùn fò wá látòkè yìí náà ló kọ Mandy, ìwé tí à ń kà lálaalẹ́. Mo ní òun ni. Kò gbà. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ wa ti gbó, Julie Edwards ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn dùn mọ́ mi. Lọ́dún 1971 tí Mandy jáde, Julie Andrews kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń bi ta ni. Ẹlòmíì ì bá kọ ọ́ gàdàgbà sára ìwé, kó lè tà wàràwàrà. Orúkọ ilé ọkọ lẹ lò. Eré ló sì bí ìwé ọ̀hún. Ẹ bá àwọn ọmọ ṣeré, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ pàdánù, ọmọ ọkọ yín obìnrin wá ní ìyà tí ẹ máa jẹ ni pé kí ẹ kọ ìtàn. Ká ní èmi ni, ojú ewé méjì, ó parí! Odindi ìwé lẹ̀yin kọ.

Ibi tí ọmọ mi fẹ́ràn jù ni ibi tí Mandy ti gun ògiri ilé àwọn ọmọ òrukàn, tó bá ilé kékeré kan tó ti dahoro pàdé, tí wọ́n fi ìkarahun ṣe yàrá kan nínú rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ó ń tu koríko, ó ń gbin òdòdó, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Tí a bá ti débẹ̀, ọmọ mi á fọwọ́ bo ẹnu, bíi pé ẹnu tiẹ̀ ni àṣírí náà ti fẹ́ já bọ́.

Ohun tó ń bí mi nínú ni báwọn èèyàn ṣe ń sọ ìtàn yín. Wọ́n á ní iṣẹ́ abẹ ọ̀nà ọ̀fun ba ohùn tí ẹ fi ń kọrin jẹ́ ní 1997, lẹ bá sá wọnú ìwé kíkọ. Níbo? Ọdún 26 ni ìwé ti wà nílẹ̀ ṣáájú ọ̀bẹ. Lóòótọ́, ìgbà tó yá lẹ̀yin àti Emma ọmọ yín bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé pọ̀, àwọn ìwé ọ̀hún sì ti lé ní 30 báyìí. Ọ̀kan nínú wọn, Simeon's Gift, ìtàn olórin tó rìnrìn àjò torí orin ni, wọ́n sì ti fi ọ́kẹ́sírà gbé e sórí ìtàgé. Ìyẹn ò ní kí àdánù orin má jẹ́ àdánù. Ohùn ni, kì í ṣe bàtà tí wọ́n ń pààrọ̀.

Ọmọ mi ní kí n bi yín bóyá ilé oníkarahun yẹn ṣì wà. Mo ní inú ìwé ló wà. Kò gba ìyẹn náà.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín kan