Fẹ́ǹsì ti dí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ní Kàbbà

Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà ẹni tó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń háyà yàrá ló ba àdúgbò wa jẹ́. Òótọ́ ni pé nǹkan ti yí padà. Èmi náà ń gbé ní Òdòlú, mo sì ń fojú rí i. Àmọ́ àlejò tí ẹni náà ń bú yẹn, kì í ṣe òun ló yẹ ká bú.

Ìgbà wo ni Kàbbà ò gba àlejò? Ará Lọ́kọ́ja tó ń lọ Òmùò, ará Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìsánlú tó ń lọ Lọ́kọ́ja, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbà kọjá. Láti 1964 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti dé síbí. Akẹ́kọ̀ọ́ gbé nílé bàbá mi, wọ́n bá wa bẹ iṣu èlùbọ́. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́ Owé, èdè tí à ń sọ ní Kàbbà, ju àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó lọ.

Fẹ́ǹsì ló dé. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ̀yìnkùlé ló ń já sí ẹ̀yìnkùlé. Bí wọ́n bá rán mi lọ́jà, màá gba ẹ̀yìn ààrò ìyá kan, màá kí i ní "Òkun o," á bi mí pé ìyá mi ńkọ́, màá wá gba abẹ́ máńgòrò níbi tí àwọn bàbá ti ń ta ayò, kí n tó rí títì. Ara ẹnikẹ́ni ò lè má yá fọ́jọ́ méjì kí á má gbọ́. (Ẹni tó bá jí adìyẹ pàápàá, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n á ti mọ̀ ọ́n. Mo mọ ohun tí mò ń sọ.) Ibi tí a ti ń sá èlùbọ́ ti di self-con mẹ́rin mẹ́rin, ògiri yí i ká, àfọ́kù ìgò wà lórí ògiri.

Lọ́dún tó kọjá, ìyá àgbà kan kú sílé ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ọmọ náà gan-an ni ilé tirẹ̀, níbi tí wọ́n gbẹ́ sàréè sí. Àwọn tó gbé pósí ò ríbi gbà. Wọ́n gbé e jáde sí títì, wọ́n dúró kí ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì tó ń bọ̀ láti Ọbàjànà kọjá tán, kí wọ́n tó yí po dé ilé ìyá.

Tèmi wà nínú àwọn fẹ́ǹsì yẹn. Olè jí jẹnẹrétọ̀ mi, ni mo bá mọ fẹ́ǹsì. Owó yàrá mẹ́ta tí mo kọ́ sínú rẹ̀ ni mo fi ń san owó iléèwé ọmọ, n kò sì ní wó o. Ohun tí mò ń bẹ àwọn olórí ẹbí ni pé kí wọ́n yọ ọ̀nà sílẹ̀ kí wọ́n tó wọn ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kó fẹ̀ tó èyí tí èèyàn mẹ́rin lè gbé pósí gbà. Àwa tí a ti mọ ògiri, ká já ilẹ̀kùn sí ẹ̀yìn. Aládùúgbò mi ní bí mo bá já tèmi, òun náà á já tòun. Wẹ́dà ní òun á gbé ilẹ̀kùn mi wá ní Sátidé.

Ọmọ Òdòlú,
Kàbbà, Ìpínlẹ̀ Kogí